Ìwọ̀n ọta wo ni kí n yàn fún ìbọn tí n ó máa fi yin pátákó ní 600 yáàdì?

Ọmọ Ìrémọ

Mo kí gbogbo ilé, ẹ kú ọdún Ọlọ́jọ́. Ọmọ Ìrémọ ní Ilé-Ifẹ̀ ni mí, ṣùgbọ́n ó ti pé ọdún mẹ́sàn-án tí mo ti ń gbé ní ìpínlẹ̀ Ohio ní Amẹ́ríkà, ilé ni mo sì ti ń kọ ọ̀rọ̀ yìí nítorí pé mo wá ṣe ọdún. Ní ìlú tí mo ń gbé, mo wà nínú ẹgbẹ́ kan tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kí a máa yìnbọn sí pátákó lọ. A kì í pa ẹran, a kì í pa ẹyẹ. Bébà tí wọ́n ya òrúka sí lára ni à ń bá jà. Ọdún méjì gbáko ni mo fi ń yá ìbọn ẹgbẹ́ lò, ìyẹn .223 Remington, mo sì ti wá tọ́jú owó tó lè ra ọ̀kan tí yóò jẹ́ tèmi. Irú tí ń ki ara rẹ̀ ni mo fẹ́: bí ènìyàn bá fi ìka fà á lẹ́ẹ̀kan, ọta kan ṣoṣo ni yóò jáde, ìbọn náà yóò sì fúnra rẹ̀ gbé òmíràn wọlé.

Ohun tí n kò tíì lè pinnu ni ìwọ̀n ọta. Mẹ́ta ló wà níwájú mi: .223 tí ọwọ́ mi ti mọ́, .308 Winchester, àti 6.5 Creedmoor tí gbogbo ọ̀dọ́ inú ẹgbẹ́ wa ń pariwo rẹ̀. Ní 200, 300 àti 600 yáàdì ni a ti ń yìn. Kò sí pápá 1,000 yáàdì ní gbogbo agbègbè wa, àfi bí mo bá wa ọkọ̀ fún nǹkan bíi wákàtí mẹ́ta.

Bàbá kékeré mi, tí wọ́n ti ń dọdẹ láti ìgbà tí wọn kò tíì fẹ́yàwó, ló wá da ọ̀rọ̀ náà rú mọ́ mi lójú. A jókòó lẹ́yìn tí wọ́n ti Òkè-Mògún dé, wọ́n ní kí n fi ọta tí mo ń sọ hàn àwọn, mo sì fi àwòrán rẹ̀ hàn wọ́n lórí fóònù. Nígbà tí mo sọ pé fífẹ̀ ọta .223 kò ju mìlímítà 5.7 lọ, wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn, wọ́n ní ṣé kòkòrò ni mo fẹ́ lọ máa pa ni. Lójú tiwọn, ọta tó bá tóbi ni ọta, nítorí náà .308 tó fẹ̀ tó mìlímítà 7.8 ni kí n rà. Mo mọ̀ pé ẹran àti bébà kì í ṣe ọ̀kan náà, ṣùgbọ́n n kò rí ohun tí mo lè fi dá wọn lóhùn dáadáa, èmi náà sì wá ń ṣiyèméjì. Owó mi kò lè ra méjì. Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ ọ́n là mí lóye.

Ọmọ Obòkun

Ẹ kú ọdún, ará Ifẹ̀. Ọmọ Iléṣà ni mí, ìlú Calgary ni mo ń gbé. Ọ̀rọ̀ yín dùn mọ́ mi, ó sì tún dùn mí díẹ̀, nítorí pé irú ìbọn tí ẹ fẹ́ rà yìí ti di èèwọ̀ fún wa ní Kánádà láti May 2020, nígbà tí ìjọba fi òfin de AR-15 àti ọ̀pọ̀lọpọ̀ irú rẹ̀. Èyí tí à ń fi ọwọ́ fà kí ọta tuntun tó wọlé ni èmi ń lò báyìí, 6.5 Creedmoor sì ni. Òun náà ni mo gbà yín níyànjú pé kí ẹ rà.

Ilé-iṣẹ́ Hornady ló gbé e jáde ní 2007, àwọn tí ń yin pátákó lọ́nà jíjìn ni wọ́n sì ní lọ́kàn nígbà tí wọ́n ń ṣe é. Inú eré pátákó ni orúkọ rẹ̀ gan-an ti wá, nítorí Creedmoor ni pápá ìyìnbọn kan tí wọ́n ṣí ní Long Island ní ìpínlẹ̀ New York ní 1873, níbi tí àwọn ará Amẹ́ríkà àti àwọn ará Ireland ti figagbága ní 1874. Ọta 140 gíréènì rẹ̀, tí í ṣe bíi gíráàmù 9, gùn, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ẹnu rẹ̀ sì mú bí abẹ́rẹ́. Afẹ́fẹ́ kì í fi bẹ́ẹ̀ rí i mú. Ní 600 yáàdì, bí afẹ́fẹ́ tí ń sáré máìlì 10 láàárín wákàtí kan bá ń fẹ́ láti ẹ̀gbẹ́, yóò ti ọta yìí kúrò ní ojú ọ̀nà rẹ̀ ní bíi ẹsẹ̀ bàtà méjì, ṣùgbọ́n yóò ti ọta 77 gíréènì ti .223 ní ohun tó lé ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta. .308 tí Bàbá yín fẹ́ràn wà láàárín àwọn méjèèjì, bẹ́ẹ̀ ni yóò sì máa gbá yín léjìká ju 6.5 lọ. Kí wá ni ẹ ń wò?

Ìyá Lágere

N kò mọ nǹkan kan nípa ọta o, mo kàn ń ka ọ̀rọ̀ yín ni. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo ní: ṣé ọmọ Ìrémọ kò ní sọ pé òun fẹ́ gbé ìbọn yìí wálé ní ọdún tó ń bọ̀ láti fi han Bàbá kékeré rẹ̀? Àwọn ọmọ wa tí wọ́n wà lókè òkun máa ń rò pé ohun tó bá ti ní rìsíìtì ló ṣeé gbé wọ ọkọ̀ òfurufú.

Agbẹjọ́rò Máyéfọ̀

Ìyá wa, ẹ ṣeun tí ẹ bèèrè. Òfin ìbọn Nàìjíríà tí a ń lò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1959, ó sì pín ìbọn sí ọ̀nà mẹ́ta. Ìsọ̀rí kìíní ni èyí tí a kà léèwọ̀, níbi tí ìbọn ológun tí ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 7.62 wà, láìyọ gbogbo ìbọn ìléwọ́ sílẹ̀. Ìsọ̀rí kejì ni ìbọn ti ara ẹni, tí ènìyàn kò lè ní láìgba ìwé àṣẹ lọ́dọ̀ Ọ̀gá Àgbà Ọlọ́pàá. Ìsọ̀rí kẹta ni ṣakabùlà àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tí à ń ti ẹnu ki ẹ̀tù sí, tí àwọn ọdẹ wa ń lò, ìyẹn náà sì ní ìwé àṣẹ tirẹ̀. Ẹ ṣàkíyèsí pé .308 Winchester tí Bàbá kékeré fẹ́ràn yìí jẹ́ ìbejì ọta ológun 7.62 tí òfin náà dárúkọ. Nípa ti Amẹ́ríkà, òfin tiwọn náà kò gbà kí ènìyàn kàn gbé ìbọn jáde kúrò ní orílẹ̀-èdè wọn láìsí àṣẹ ìjọba. Nítorí náà, kí arákùnrin wa fi ìbọn náà sí Ohio, kí ó sì máa fi fọ́tò ránṣẹ́ sílé.

Olùkọ́ Físíìsì

Mo fẹ́ kí a kọ́kọ́ dá Bàbá kékeré lóhùn, nítorí pé ọ̀rọ̀ wọn kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwàdà lásán. Ẹni tí ń yìnbọn sí ìgalà láti ọgbọ̀n ẹsẹ̀ kò ní ìdí láti ronú nípa afẹ́fẹ́. Ohun tó ṣe pàtàkì sí i ni kí ọta náà lágbára nígbà tó bá débẹ̀, ọta ńlá sì ni yóò sìn ín dáadáa. Ṣùgbọ́n 600 yáàdì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mítà 550, ìyẹn pápá bọ́ọ̀lù márùn-ún tí a tò tẹ̀lé ara wọn. Bébà kò sì bèèrè agbára. Ó fẹ́ kí ihò wà ní ibi tí a fẹ́ kó wà, kò tún kù síbì kan.

Nígbà tí a wà lọ́mọdé, tí a ń fi rọ́bà ta ẹyẹ ní ẹ̀yìn ilé, gbogbo wa la mọ̀ pé òkúta kékeré tó le máa ń lọ jìnnà ju igi tó fúyẹ́ lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé igi náà lè tóbi jù ú lọ ní ojú. Ohun tí ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ ni pé afẹ́fẹ́ ń dí ohun tí ń fò lọ́wọ́ gẹ́gẹ́ bí iwájú rẹ̀ bá ṣe fẹ̀ tó, ìwúwo ohun náà sì ni ó fi ń ja àjàbọ́. Bí ọta méjì bá fẹ̀ bákan náà, èyí tó gùn jù ló wúwo jù, òun náà ni afẹ́fẹ́ kò ní tètè bá. Àwọn tí ń ṣe ọta máa ń fi ìwọ̀n kan tí wọ́n ń pè ní BC sọ bí ọta ṣe ń la afẹ́fẹ́ tó; bó bá ṣe ga tó ló ṣe dára tó. Ọta ìdíje 77 gíréènì ti ilé-iṣẹ́ Sierra fún .223 ní .372, ọta 175 gíréènì ti Sierra fún .308 ní .505, ọta 140 gíréènì ti Hornady fún 6.5 sì ní .646. Ẹ wá wo bí .308 ṣe wúwo ju 6.5 lọ ní gíréènì 35, síbẹ̀ tí 6.5 fi í sílẹ̀ sẹ́yìn, nítorí pé iwájú .308 fẹ̀. Ọ̀rọ̀ Bàbá pé èyí tó tóbi ló dára jù já síbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n fi kún un pé ìṣubú ọta kì í ṣe ìṣòro wa. Gbogbo ọta ni ilẹ̀ ń fà bákan náà, iye tí yóò fi jábọ́ ní 600 yáàdì kì í fi bẹ́ẹ̀ yí padà, a sì lè yí awò ìbọn sókè kí a tó yìn. Afẹ́fẹ́ ni alátakò, nítorí pé ó lè fẹ́ báyìí kí ó sì dákẹ́ kí o tó fa ìbọn tán. Ohun tí ń jẹ́ kí ó rí ọta tì kì í sì í ṣe iye àkókò tí ọta náà lò lófuurufú nìkan. Àkókò tí afẹ́fẹ́ gbà lọ́wọ́ rẹ̀ ni, ìyẹn ìyàtọ̀ tó wà láàárín ìṣẹ́jú àáyá tó lò àti iye tí ì bá lò ká ní kò sí afẹ́fẹ́ rárá.

Ohun kan tún wà tí ẹni tí ń ra ìbọn kò gbọdọ̀ gbàgbé. Inú ọ̀pá ìbọn ní ìlà tó ń yí, èyí tí ń mú kí ọta pòòyì bó ṣe ń jáde. Ẹ rántí òkòtó: bí ọwọ́ tó ta á kò bá lágbára, yóò máa mì títí yóò fi ṣubú. Ọta tó gùn fẹ́ kí a ta á kíkan ju ọta kúkúrú lọ. Fún .223 tí yóò yin ọta 77 tàbí 80 gíréènì, ẹ wá ọ̀pá tí ìlà rẹ̀ ń yí ká lẹ́ẹ̀kan láàárín ínǹṣì 7 tàbí 8. Bí ẹ bá ra èyí tó nílò ínǹṣì 12 kó tó yí ká, ọta kúkúrú 55 gíréènì nìkan ni yóò gbà yín gbọ́.

Àgbà Mọ̀ọ́rè

Ọmọ mi, o kú ọdún. Ọdún 31 ni mo lò ní Amẹ́ríkà kí n tó fẹ̀yìntì wá sí Mọ̀ọ́rè, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo sì yìnbọn ní Camp Perry, tó wà ní ìpínlẹ̀ Ohio tìrẹ náà, létí adágún Erie, níbi tí ìdíje àpapọ̀ wọn ti ń wáyé láti 1907. Afẹ́fẹ́ tí ń ti orí omi yẹn wá ti sọ ọ̀pọ̀ ọ̀gá di ọmọdé lójú mi. Nítorí náà, ohun tí Olùkọ́ sọ nípa afẹ́fẹ́, òótọ́ ni gbogbo rẹ̀, n kò ní àtúnṣe kan láti ṣe níbẹ̀. Síbẹ̀ n kò ní sọ fún ọ pé kí o ra 6.5.

Ìbéèrè tí ì bá ṣáájú ti ọta ni pé, kíláàsì wo lo fẹ́ wọ̀? Nínú ìdíje ìbọn irú ti ológun, òfin ìdíje kò gba 6.5 Creedmoor. .223 àti .308 wà nínú àwọn tí ó gbà, awò rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ sún nǹkan mọ́ni ju ìlọ́po 4.5 lọ, èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbà wọlé ní 2016. Bí ó bá jẹ́ kíláàsì ìbọn ìdíje tó ṣí sílẹ̀ ni, o lè gbé 6.5 lọ. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ti na owó tán kí wọ́n tó ka ìwé òfin ìdíje.

Jẹ́ kí n wá sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí èmi fúnra mi. .308 ni mo kọ́kọ́ rà, nítorí pé èmi náà gbọ́n bíi Bàbá kékeré rẹ. Ìbọn náà dára, ó sì ń yìn tààrà. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ihò mi bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sísàlẹ̀ lápá òsì, mo yí awò títí, mo pààrọ̀ ọta, mo tilẹ̀ fi ẹ̀sùn kan ẹni tó ta ìbọn náà fún mi. Ní ọjọ́ kan ni àgbà kan nínú ẹgbẹ́ wa ní kí n kọjú sí ibòmíràn, ó sì bá mi ki ìbọn fúnra rẹ̀. Mo dojú kọ pátákó, mo mí sínú, mo mí síta, mo fà á, ìbọn kò dún. Ọta òfìfo ló ti bọ sáàárín àwọn ọta tòótọ́. Gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ ló rí i bí mo ṣe di ojú méjèèjì tí mo sì fi èjìká ti ìbọn síwájú bí ẹni tí wọ́n fẹ́ gbá létí. Ara mi ti ń bẹ̀rù ìgbáni ìbọn náà láìjẹ́ pé èmi fúnra mi mọ̀. Ó gbà mí tó ọdún kan lórí .223 kí ara mi tó gbàgbé rẹ̀. Ìbọn tí ń ki ara rẹ̀ máa ń dín ìgbáni kù díẹ̀, nítorí pé lára agbára yẹn ni ó fi ń ti ìlẹ̀kùn ọta sẹ́yìn, ṣùgbọ́n .308 ṣì jẹ́ .308.

Ronú sí ọ̀nà tí wọ́n gbà ń ṣe ìdíje náà. Nínú ìdíje ọlọ́ta 50, ọta 10 ni wàá yìn lórí ìdúró ní 200 yáàdì, 10 lórí ìjókòó ní 200 yáàdì kan náà láàárín nǹkan bíi ìṣẹ́jú kan, 10 lórí ìdùbúlẹ̀ ní 300 yáàdì ní kíákíá bákan náà, kí o tó wá fi ìṣẹ́jú 20 yin ọta 20 ní 600. Láàárín ìṣẹ́jú kan yẹn, wàá pààrọ̀ mágásíìnì, ìyẹn àpò tí ọta wà nínú rẹ̀, ìbọn sì gbọ́dọ̀ padà sójú ibi tó wà ṣáájú kí o tó tún fà á. Níbẹ̀ ni ìbọn tí kì í gbáni ti ń gba máàkì fún olówó rẹ̀. Nítorí rẹ̀ ni .223 fi lé .308 kúrò lójú pápá nínú ìdíje yìí láàárín àwọn ọdún 1990, bó tilẹ̀ jẹ́ pé gbogbo àgbà ìgbà náà ló fi ọta kékeré náà ṣe yẹ̀yẹ́ kí wọ́n tó rí àbájáde.

Nípa 600 yáàdì tó ń bà ọ́ lẹ́rù, òrúka 10 lára pátákó tí wọ́n ń lò níbẹ̀ fẹ̀ tó ínǹṣì 12, òrúka X tó wà láàárín rẹ̀ sì jẹ́ ínǹṣì 6. Ìbọn .223 tó dára kò ní ìṣòro láti kó gbogbo ọta rẹ̀ sínú òrúka 10 bí ẹni tó dì í mú bá mọ afẹ́fẹ́ kà. Ọgbọ́n kan tún wà níbẹ̀. Mágásíìnì AR-15 kò gba ohun tó gùn ju ínǹṣì 2.26 lọ, nítorí náà ọta 77 gíréènì ló máa ń gùn mọ níbẹ̀, ṣùgbọ́n ní 600 yáàdì, níbi tí kò ti sí ìkánjú, a máa ń fi ọwọ́ bọ ọta 80 gíréènì sínú ìbọn níkọ̀ọ̀kan láìlo mágásíìnì. Ọta yẹn sún mọ́ .308 nídìí ọ̀rọ̀ afẹ́fẹ́, láìgbá ọ léjìká. Bí o bá ń ra ọ̀pá, bèèrè èyí tí wọ́n gbẹ́ ihò ọta rẹ̀ ní ìwọ̀n .223 Wylde, nítorí ó gba ọta .223, ó sì gba 5.56 ti ológun láìséwu; ihò .223 pọ́nńbélé kì í ṣe ibi tí à ń ki 5.56 sí.

Ó kù ọ̀rọ̀ owó. Láti gba 6.5 Creedmoor tàbí .308, ìbọn ńlá irú AR-10 lo máa rà. Ẹ̀yà ara AR-15 bá ara wọn mu láti ọ̀dọ̀ alágbẹ̀dẹ kan sí òmíràn, ṣùgbọ́n ti ìbọn ńlá kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun tí ilé-iṣẹ́ kan ṣe lè má wọ ti èkejì. Ọ̀pá pẹ̀lú ń jẹ. Àwa tí a ń díje máa ń ka ọ̀pá 6.5 sí ohun tí yóò gbó lẹ́yìn ọta 2,000 sí 3,000, a sì máa ń retí nǹkan bíi 5,000 lọ́wọ́ .223. Bí o bá yin 50 lọ́sẹ̀ kan, 2,600 ni láàárín ọdún kan. Ìyẹn ni pé ọdún kan lè jẹ ọ̀pá 6.5 tán, owó ọta rẹ̀ sì tún ga ju ti .223 lọ. Ìbọn tí ń ki ara rẹ̀ sì máa ń ju ìkarahun bíráàsì tí à bá tún kì lò sínú koríko, ìdajì rẹ̀ ni wàá rí ṣà. Ó máa ń dun ni jù bó bá jẹ́ bíráàsì olówó iyebíye.

Ra .223, ọ̀pá ínǹṣì 20, ìlà tó ń yí láàárín ínǹṣì 7 tàbí 8, kí o sì fi owó tó kù ra ọta.

Ọmọ Obòkun

Bàbá, ẹ ṣeun, n kò mọ̀ pé òfin ìdíje yẹn yọ 6.5 sílẹ̀, ti Kánádà ni mo ń wò. Mo juwọ́ sílẹ̀ lórí 600 yáàdì. Ṣùgbọ́n n kò juwọ́ sílẹ̀ lórí 1,000. Bí arákùnrin wa bá ń wa ọkọ̀ wákàtí mẹ́ta lọ síbẹ̀ lóṣooṣù, ọta 77 gíréènì yóò máa sọ ọ́ di aláfọ̀ṣẹ. Mo fẹ́ bi yín léèrè bóyá ọ̀nà àárín kò sí: 6.5 Grendel ti 2003 àti 6mm ARC tí Hornady gbé jáde ní 2020, tí àwọn méjèèjì wọ ìbọn kékeré irú AR-15.

Àgbà Mọ̀ọ́rè

Ọ̀nà àárín wà, ó sì dára, pàápàá 6mm ARC. Ohun kan náà ni yóò dè é: òfin kíláàsì ológun kò gbà á, ọta rẹ̀ kò sì pọ̀ nílé ìtajà bíi ti .223. Àǹfààní rẹ̀ ni pé apá òkè AR-15 ṣeé yọ kúrò lára apá ìsàlẹ̀. Bí ó bá di ọdún kejì tí 1,000 yáàdì sì ṣì ń wù ú, kí ó ra apá òkè mìíràn tí wọ́n ṣe fún 6mm ARC, kí ó fi sórí ìsàlẹ̀ kan náà. Ẹni tó ra AR-10 kò lè padà sí .223 lọ́nà bẹ́ẹ̀. Nípa .308 ní 1,000 yáàdì, bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ fi dánwò, kí ó má lo ọta 168 gíréènì ti Sierra tó lókìkí yẹn. Bó bá ti ń sún mọ́ ìwọ̀n ìyára ohùn ní ọ̀nà jíjìn, ó máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́. 175 ni kí ó lò.

Olùkọ́ Físíìsì

Bàbá, ẹ ti gba òkòtó lọ́wọ́ mi. Ìdí tí 168 fi ń ṣe bẹ́ẹ̀ ni ọ̀nà tí wọ́n gbà gé ìdí rẹ̀; ti 175 ní igun mìíràn tí afẹ́fẹ́ kò fi í ṣeré bẹ́ẹ̀ nígbà tó bá ń ti inú ìyára tó ju ti ohùn bọ́ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀.

Ọmọ Ìrémọ

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín, mo dúpẹ́ jù lọ́wọ́ Bàbá ní Mọ̀ọ́rè, tí n kò mọ̀ pé kò ju ìrìn ẹsẹ̀ lọ láti ilé wa. Bí ẹ bá gbà mí láyè, n ó yà kí yín kí n tó padà.

.223 ni mo mú. N ó ra èyí tó ní ọ̀pá ínǹṣì 20, tí ihò rẹ̀ jẹ́ Wylde, tí ìlà rẹ̀ sì ń yí láàárín ínǹṣì 8, kíláàsì ológun ni n ó sì wọ̀ ní ọdún tó ń bọ̀. Ọ̀rọ̀ ọta òfìfo yẹn wọ̀ mí lára, nítorí pé ní oṣù tó kọjá ni ọ̀rẹ́ mi kan gbé AR-10 .308 rẹ̀ fún mi yìn, ihò márùn-ún nínú mẹ́wàá ló sì lọ sísàlẹ̀ lápá òsì. Mo ti sọ pé awò rẹ̀ ló bàjẹ́. N ó lọ tọrọ àforíjì.

Ní alẹ́ àná, mo ka ọ̀rọ̀ Olùkọ́ àti ti Bàbá sókè fún Bàbá kékeré mi. Wọ́n gba ti rọ́bà, wọ́n gba ti òkòtó, wọ́n tilẹ̀ sọ pé àwọn náà ti rí ọdẹ tó ń di ojú kí ó tó yìn. Mo ti rò pé ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn, títí mo fi dé ibi tí wọ́n ti ń yin ọta 20 láàárín ìṣẹ́jú 20 ní 600 yáàdì, lẹ́yìn tí wọ́n ti yin 30 ṣáájú. Wọ́n ní kí n tún un kà. Mo tún un kà. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n wá bi mí bóyá pátákó náà máa ń sá ni.